Níbo Ni Ká Gbé Bátìrì Sí? Ìtàn Ẹrù Kékeré Kan Nínú Ọkọ̀ Òfurufú Kékeré

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1903, Orville Wright fò fún ìṣẹ́jú-àáyá 12 lórí yanrìn Kill Devil Hills ní North Carolina, Amẹ́ríkà. Gbogbo wa la kọ́ ìyẹn nílé ìwé. Ohun tí tíṣà wa ò sọ ni pé bátìrì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, àmọ́ bátìrì ò fò. Wọ́n gbé bátìrì gbígbẹ mélòó kan àti kọ́ìlì kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, wọ́n fi wáyà so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣíná tán, wọ́n yọ wáyà. Ọkọ̀ lọ, bátìrì jókòó sórí yanrìn.

Ẹ má rò pé wọ́n gbàgbé rẹ̀ ni o. Ẹ́ńjìnnì tí Charlie Taylor, mẹkáníìkì wọn, bá wọn ṣe kò ní ju agbára ẹṣin 12 lọ. Ohunkóhun tí ọkọ̀ bá gbé gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ tó ń ṣe lókè. Iṣẹ́ bátìrì sì ti parí kí ọkọ̀ tó gbéra, kí ló ń bá wọn lọ ṣe? Nǹkan mìíràn tún wà nínú ọkọ̀ yẹn tí a fẹ́ràn gan-an. Ẹ́ńjìnnì wà lápá ọ̀tún, ẹni tó ń wa ọkọ̀ sùn sápá òsì, ẹ́ńjìnnì sì wúwo ju onítọ̀hún lọ. Wọ́n wá jẹ́ kí ìyẹ́ apá ọ̀tún gùn ju ti òsì lọ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10. Wọn ò rí ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì dín kù mọ́, wọ́n bá fi ìyẹ́ dọ́gba rẹ̀.

Bí ẹrù ṣe wúwo tó, àti ibi tí ẹrù jókòó sí. Láti ọjọ́ yẹn títí di òní, ọ̀rọ̀ bátìrì nínú ọkọ̀ òfurufú kékeré ò kúrò lórí méjèèjì yìí. Èkejì ló sì máa ń tan àwọn èèyàn jẹ.

Ṣé ẹ máa béèrè pé kí ló kan àwa tí à ń fi kóòdù kíkọ jẹun nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú? Ìnfátà ni. Àwa mẹ́ta tí a jọ ń gbé fúláàtì kan dáwó, a yọ bátìrì olómi àtijọ́ kúrò lára ìnfátà, a ra lithium. Inú wa dùn: ó fúyẹ́, ó kéré, ó mọ́ tónítóní. A ò fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn. Lálẹ́ ọjọ́ kan NEPA mú iná, ilé ṣókùnkùn birimù, bátìrì tuntun náà ti ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ẹ̀rọ tó ń gba iná sínú rẹ̀ ṣì rò pé bátìrì àtijọ́ ló wà níbẹ̀, ó ń ti iná tó ju agbára rẹ̀ lọ sí i, bátìrì sì pa ara rẹ̀ láti gba ara rẹ̀ là. Níbi tí a ti ń wádìí ohun tó ṣẹlẹ̀ la ti bá àwọn tó ń kan ọkọ̀ òfurufú fúnra wọn nínú gáréèjì ilé wọn pàdé. Irú bátìrì kan náà ni wọ́n ń gbé sínú ọkọ̀. Àwa jókòó sínú òkùnkùn, a pariwo, a lọ sùn. Àwọn yẹn ń bẹ lókè.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀ ná. Kí ló ń fún ẹ́ńjìnnì àwọn Wright níná nígbà tí bátìrì ti kù sílẹ̀? Mágínẹ́tò ni. Mágínẹ́ẹ̀tì kan ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ìlì, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló ń yí i, òun náà ló ń pèsè iná tí ẹ́ńjìnnì nílò. Àwọn méjèèjì ń bọ́ ara wọn. Ẹni tó bá ti fa okùn jẹnẹrétọ̀ kékeré, èyí tí a ń pè ní I-better-pass-my-neighbour, ti fọwọ́ kan mágínẹ́tò rí: kò sí bátìrì níbẹ̀, ẹ fa okùn, ó dáhùn. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú kékeré ṣì ń lo mágínẹ́tò títí di òní, méjì méjì pàápàá, kí ọ̀kan lè gba iṣẹ́ bí èkejì bá kú. Tí bátìrì bá kú lókè, tí rédíò dákẹ́, tí iná gbogbo lọ, ẹ́ńjìnnì ò ní mọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà sí i.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkọ̀ kékeré ò ní bátìrì rárá. Piper J-3 Cub, ọkọ̀ aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ṣe láti 1938 dé 1947, tí iye rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20,000, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣíná rẹ̀. Ẹnì kan á jókòó sínú ọkọ̀, ẹnì kejì á dúró níwájú, á di abẹ̀bẹ̀ onígi ńlá yẹn mú, á fà á wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á sì yára fò sẹ́yìn. Ẹni tí kò bá yára tó, ọwọ́ lè lọ, orí lè lọ. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì parí, tí àwọn tó ti wa ọkọ̀ ogun ń wá ọkọ̀ tí wọ́n lè fi gbé ìyàwó jáde lọ́jọ́ Sátidé, wọn ò fẹ́ ìyẹn mọ́. Wọ́n fẹ́ bọ́tìnnì, wọ́n fẹ́ rédíò, wọ́n fẹ́ iná alẹ́. Lọ́dún 1946 Cessna gbé ọkọ̀ méjì jáde tó jọra bí ìbejì, 120 àti 140. Èyí tó wọ́n díẹ̀, 140, ló ní iná tirẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Ní 120, ẹni tó bá fẹ́ iná máa sanwó lé e.

Bátìrì wọ ọkọ̀ nìyẹn, ó sì wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìwà rẹ̀. Bátìrì olójé tí Gaston Planté, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe lọ́dún 1859 ni: òjé àti ásíìdì. Irú tó wà nínú ọkọ̀ kékeré sábà máa ń wúwo tó kìló 10 tàbí 12. Ọkọ̀ ilẹ̀ kì í dorí kodò, ọkọ̀ òfurufú lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ilẹ̀ ò fi álúmínọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe egungun, ọkọ̀ òfurufú fi ṣe é, ásíìdì sì ń jẹ álúmínọ́ọ̀mù bí ikán ṣe ń jẹ igi. Wọ́n wá kan àpótí fún un, wọ́n fi ọ̀dà tí ásíìdì ò lè jẹ kun inú àpótí náà, wọ́n so rọ́bà kan mọ́ ìdí rẹ̀ kí omi àti afẹ́fẹ́ rẹ̀ lè gba abẹ́ ọkọ̀ jáde síta. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, rọ́bà yẹn ń gba inú ìgò kan kọjá tí wọ́n fi sódà sí, sódà tí àwọn ìyá wa ń fi ṣe búrẹ́dì, kí ó lè pa agbára ásíìdì. A rẹ́rìn-ín nígbà tí a kọ́kọ́ kà á. Ìgò sódà nínú ọkọ̀ òfurufú!

Wàyí o, níbo ni wọ́n gbé àpótí náà sí?

Gbogbo ọkọ̀ òfurufú ló ní ibì kan tó jẹ́ pé, ká ní a lè fi ìka kan gbé e níbẹ̀, kò ní ṣubú síwájú, kò ní ṣubú sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ojú ìwọ̀n. Ẹni tó bá ti gbé agbada ọ̀gẹ̀dẹ̀ lérí rí mọ ohun tí à ń sọ. Ẹni tó ń ṣe ọkọ̀ á wọn ibẹ̀, á sì sọ pé láti ibí dé ibí ni ojú ìwọ̀n lè rìn dé, kò gbọdọ̀ kọjá. Àyè yẹn kì í fẹ̀. Nínú ọkọ̀ kékeré, ó lè má ju ìbú ọwọ́ mélòó kan lọ. Tó bá lọ síwájú jù, ọkọ̀ á di olórí-wúwo, imú rẹ̀ ò ní fẹ́ gbéra nígbà tí wọ́n bá fẹ́ bà, á sì fi táyà iwájú gún ilẹ̀. Tó bá lọ sẹ́yìn jù, èyí ló burú jù: ọkọ̀ á di aláìgbọràn, ìyẹ́ á pàdánù afẹ́fẹ́, imú á kọ̀ kò ní sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ á máa pòyì já bọ̀, apá awakọ̀ ò sì ní ká a mọ́.

Ohun tó ń gbé ojú ìwọ̀n rìn kì í ṣe bí ẹrù ṣe wúwo nìkan. Bí ó ṣe jìnnà tó wà níbẹ̀. Bíi pákó tí ọmọdé méjì ń gùn lókè-nílẹ̀ ní pápá ìṣeré: ọmọ kékeré tó bá jókòó sí góńgó ìparí pákó lè gbé ọmọ ńlá tó jókòó sáàárín. Bátìrì ni ọmọ kékeré yẹn. Ẹ wo Cessna 172, ọkọ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi kọ́ ọkọ̀ wíwà lágbàáyé: wọ́n gbé bátìrì rẹ̀ síwájú, sára ògiri irin tó ya ẹ́ńjìnnì sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ èèyàn. Ẹ wá wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Cessna 182. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tóbi jù, imú rẹ̀ wúwo jù, wọ́n bá gbé bátìrì lọ sẹ́yìn, kọjá ibi tí wọ́n ń kẹ́rù sí, sínú ìrù. Bátìrì inú ìrù yẹn ń ṣe iṣẹ́ méjì: ó ń ṣíná ẹ́ńjìnnì, ó sì ń fi ìwọ̀n ara rẹ̀ di ẹ́ńjìnnì náà mú kó má dorí kodò. Kò sí ẹni tó kọ iṣẹ́ kejì yìí sára bátìrì fún ọ.

Nígbà tí Burt Rutan gbé Long-EZ rẹ̀ jáde lọ́dún 1979, ó yí gbogbo nǹkan padà. Ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn, abẹ̀bẹ̀ ń ti ọkọ̀ síwájú, ìyẹ́ kékeré wà ní imú. Tí awakọ̀ bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ yìí, ìwọ̀n iwájú ti lọ nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì lè fa ọkọ̀ sẹ́yìn kó fìdí lélẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ká ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ sínú tí wọ́n bá gbé e kalẹ̀, tí ọkọ̀ á kúnlẹ̀ bí ọmọ tó ń kí bàbá rẹ̀. Ẹ tíì lè sọ ibi tí bátìrì wà nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀? Nínú imú. Síwájú pátápátá, ibi tí ẹsẹ̀ èèyàn parí sí. Àwọn tó bá fúyẹ́ lára lára àwọn awakọ̀ tún máa ń di òjé sí imú kún un.

Ẹnì kan tí a ò lè fò ni Richard VanGrunsven ní Oregon, tó ń ta ọkọ̀ tí èèyàn lè kàn fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní RV. Ó ti ju 10,000 lọ tí àwọn èèyàn kàn parí tí wọ́n sì ti fò. Ó tiẹ̀ kàn wá: Air Beetle, ọkọ̀ ìkọ́ṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Kàdúná fún iléeṣẹ́ ológun òfurufú Nàìjíríà, ara RV-6A ni wọ́n ti yọ ọ́. Nínú RV-8, ibi méjì ni ẹni tó ń kàn án lè gbé bátìrì sí. Tí ẹ́ńjìnnì àti abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ bá fúyẹ́, iwájú ni. Tó bá ra ẹ́ńjìnnì tó tóbi àti abẹ̀bẹ̀ irin tó wúwo, ẹ̀yìn ni, lẹ́yìn ibi ẹrù. Ẹni tó kàn án gbọ́dọ̀ pinnu kó tó mọ bí ọkọ̀ ṣe máa wúwo gan-an, kó sì máa gbàdúrà pé òun ò ṣe àṣìṣe. Àwa tí à ń kọ kóòdù mọ irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ wọ̀nyí ló sì kọ́kọ́ ní òmìnira láti pààrọ̀ bátìrì. Ọkọ̀ tó jáde láti ilé iṣẹ́ pẹ̀lú ìwé àṣẹ, olówó rẹ̀ ò lè kàn lọ sọ́jà ra ohun tó wù ú. Bátìrì tí ìjọba fọwọ́ sí ni. Ẹni tó kan tirẹ̀ ló ń pinnu. Wọ́n kọ́kọ́ sá kúrò lọ́dọ̀ bátìrì olómi lọ sí èyí tí wọ́n dí pa, tí ásíìdì rẹ̀ wà nínú òwú dígí tí kò lè dà. Odyssey PC680 di ààyò wọn: kìló 7, ẹ lè fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kò sí rọ́bà, kò sí ìgò sódà. Lẹ́yìn náà ni lithium dé, kìló 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, tó sì ń ṣíná ẹ́ńjìnnì kan náà.

Ẹni tó bá ti lo oṣù mẹ́ta láti dá ihò sára irin kí ọkọ̀ lè fi kìló 1 fúyẹ́ máa yọ̀ nígbà tó bá rí i pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo lòun lè fi yọ kìló 9. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní bátìrì olójé kìló 11 wà nínú ìrù, mítà 3 sẹ́yìn ojú ìwọ̀n. 11 lọ́nà 3, 33 nìyẹn. Ẹ yọ ọ́, ẹ gbé lithium kìló 2 síbẹ̀: 2 lọ́nà 3, 6. Ohun tí ìrù pàdánù jẹ́ 27. Ó dọ́gba pẹ̀lú kí ẹnì kan wá so àpò ìrẹsì kìló 27 mọ́ iwájú ojú ìwọ̀n ní mítà 1, láìsọ fún awakọ̀. Ọkọ̀ fúyẹ́ lóòótọ́. Imú rẹ̀ ti wúwo.

Kí ni wọ́n ń ṣe sí i? Àwọn kan á gbé bátìrì tuntun náà lọ síbòmíràn. Àwọn kan ò ní àyè, wọ́n á wá òjé, wọ́n á dè é mọ́ ìrù. Òjé gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó gba fèrèsé wọlé. A ti pa kóòdù àtijọ́ kan rẹ́ rí nítorí pé a rò pé kò ṣe nǹkan kan, tí gbogbo ojú ìwé sì dà wó lulẹ̀. Nígbà tí a kà nípa òjé inú ìrù yìí, a ò bi ara wa ní ìbéèrè púpọ̀.

Ó yẹ ká sọ díẹ̀ nípa bátìrì náà fúnra rẹ̀, torí orúkọ "lithium" ń bo ohun púpọ̀ mọ́lẹ̀. Lọ́dún 1980 ní Oxford, John Goodenough àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ fi kóbáltì ṣe apá kan bátìrì lithium. Láti ibẹ̀ ni Sony ti gbé èyí tí wọ́n lè tà jáde lọ́dún 1991, ìdílé rẹ̀ náà ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù wa. Kóbáltì ń kó agbára púpọ̀ sínú àyè kékeré. Àmọ́ tí ooru bá mú un kọjá ààlà, òun fúnra rẹ̀ á tú afẹ́fẹ́ ọ́síjìn jáde. Iná tó ní ọ́síjìn tirẹ̀ nínú, ẹ ò lè fi aṣọ bò ó pa. Lọ́dún 1997, Goodenough, tó ti kó lọ sí yunifásítì Texas, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tún tẹ̀wé jáde lórí irú mìíràn, èyí tí wọ́n fi irin àti fọ́sífétì ṣe. Agbára tó lè kó kéré sí ti kóbáltì, ṣùgbọ́n ó di ọ́síjìn rẹ̀ mú dáadáa, ó gbọdọ̀ gbóná púpọ̀ kó tó bínú. Bàbá náà pé ọmọ ọdún 97 kí wọ́n tó fún un ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2019. Onírin-fọ́sífétì yìí ni àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré ń lò láti ṣíná, òun náà ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ ìnfátà tuntun nílé wa. Anfààní kan tún wà níbẹ̀: mẹ́rin rẹ̀ tí a tò tẹ̀lé ara wọn ń fúnni ní nǹkan bíi volt 13, tó sún mọ́ ohun tí bátìrì olójé ń fúnni. Ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn fún èèyàn láti rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Kì í ṣe ọ̀kan náà. Lọ́dún 2011, bátìrì lithium gbiná nínú Cessna Citation CJ4, jẹ́ẹ̀tì kékeré kan, nígbà tó wà nílẹ̀ tí wọ́n so iná ìta mọ́ ọn. Iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ọkọ̀ òfurufú, FAA, pàṣẹ pé kí wọ́n yọ irú rẹ̀ kúrò nínú gbogbo ọkọ̀ náà, kí wọ́n padà sí irú àtijọ́. Lẹ́yìn náà ni ti Boeing 787. Ọkọ̀ ńlá ni, kì í ṣe ẹgbẹ́ RV, àmọ́ gbogbo ẹni tó ní lithium nínú gáréèjì ló ń gbọ́ ìròyìn náà pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ọjọ́ 7 oṣù Kìíní 2013, bátìrì ọ̀kan gbiná ní Boston lẹ́yìn tí èrò ti sọ̀ tán. Ọjọ́ 16, òmíràn tú èéfín lókè Japan, ọkọ̀ náà sì bà ní kánjúkánjú ní Takamatsu. Wọ́n dá gbogbo 787 tó wà nígboro dúró, 50 lápapọ̀. Ti kóbáltì ni bátìrì wọn. Ìwádìí sọ pé wáyà inú ọ̀kan lára àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ara wọn, ó gbóná, ó sì gbóná ran ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ooru ń bí ooru.

Ohun tí Boeing fi yanjú rẹ̀ ló yà wá lẹ́nu. Wọ́n yí àwọn nǹkan kan padà nínú bátìrì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó tóbi jù ni pé wọ́n kan àpótí irin tó nípọn yí i ká, wọ́n sì la ihò láti inú àpótí náà jáde síta ọkọ̀. Tó bá fẹ́ jó, kó jó nínú ilé rẹ̀, kí èéfín rẹ̀ lọ síta. Ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn wọ́n gbà kí ọkọ̀ náà padà sókè. Àpótí yẹn wúwo débi pé èrè tí wọ́n rò pé àwọn jẹ lórí ìwọ̀n bátìrì lithium, òun ló gbà á padà. Ẹ ò rí i? Àpótí àti rọ́bà tó ń jáde sí abẹ́ ọkọ̀ tí àwọn èèyàn 1946 ṣe fún ásíìdì, òun náà la tún padà sí.

Àwọn tó ń so lithium mọ́ ọkọ̀ kékeré lónìí ti kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn. Wọ́n ń gbé e kúrò níbi tí ooru ẹ́ńjìnnì á ti máa bá a jà, tàbí kí wọ́n fi ọ̀pá darí afẹ́fẹ́ tútù sí i. Wọ́n ń so rọ́bà mọ́ ọn kí èéfín lè rọ́nà jáde tó bá di ọjọ́ burúkú. Wọ́n ń bo orí wáyà rẹ̀ kí irin má bàa kàn án. Ní ti dídè mọ́lẹ̀, òfin tó wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà ni pé ohun tí wọ́n bá so mọ́ ọkọ̀ kékeré gbọdọ̀ lè dúró tí ìwọ̀n rẹ̀ bá di ìlọ́po 9 síwájú, bíi nígbà tí ọkọ̀ bá gbá nǹkan. Bátìrì kìló 7 tó wà lẹ́yìn orí rẹ á di kìló 63 nígbà náà, èèyàn odidi kan tó ń fò bọ̀ wá bá ọ. Ti kìló 2 á di 18. Níbí ni fífúyẹ́ ti sanwó láìní ẹ̀tàn nínú. Síbẹ̀ a ti rí àwòrán èyí tí wọ́n fi okùn rọ́bà lásán dè, bí ìgbà tí ọlọ́kadà ń di àpò gàrí.

Bátìrì yìí tún ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lú alternator. Tó bá ṣófo, òùngbẹ iná tó máa ń gbẹ ẹ́ kò mọ níwọ̀n. Ó lè fa iná débi pé alternator á gbóná jù. Tí ẹ̀rọ tó ń darí alternator bá sì bàjẹ́, iná á máa gòkè. Bátìrì olójé á hó, á máa rùn, awakọ̀ á mọ̀. Lithium ò fara dà á bẹ́ẹ̀. Àwọn tó gbọ́n ń fi ẹ̀rọ kékeré kan sí i tó ń já alternator kúrò tí iná bá ti kọjá bíi volt 16.

Nínú bátìrì náà gan-an, kọ̀ǹpútà kékeré kan wà tó ń ṣọ́ ọ: ó ń wo sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ó ń mú kí wọ́n dọ́gba, tí iná bá pọ̀ jù tàbí tó fẹ́ tán pátápátá, á ti ilẹ̀kùn. Òun ló sọ wá sókùnkùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ohun tó sì ṣe tọ̀nà. Àwa gan-an là bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ká ní àwa ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Àmọ́ ẹ fojú inú wo ẹnì kan nínú ìkùukùu, lóru, tó ní ẹ́ńjìnnì tuntun tí kọ̀ǹpútà ń dà epo sí, tí kò ní mágínẹ́tò mọ́. Kóòdù tó wà nínú bátìrì rí i pé bátìrì wà nínú ewu. Ó gba bátìrì là. Ẹ́ńjìnnì dákẹ́.

Ta ni kóòdù yẹn ń ṣiṣẹ́ fún? A ti jiyàn lórí ẹ̀ láàárín ara wa ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọ̀kan nínú wa ní kí kóòdù jẹ́ kí bátìrì jó tó bá jẹ́ ìyẹn ló máa gbé èèyàn délẹ̀. Òmíràn béèrè pé ṣé iná nínú ọkọ̀ lókè ni yóò gbé e délẹ̀. Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé ẹni tó bá ti fi mágínẹ́tò sílẹ̀ kò gbọdọ̀ ní bátìrì ẹyọ kan. Méjì, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wáyà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Tí ìwọ̀n èkejì bá sì jẹ èrè tó rò pé òun jẹ lórí ti àkọ́kọ́, kó jẹ ẹ́.

Àwọn Pipistrel ní Slovenia rò ó bẹ́ẹ̀ náà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2020, Velis Electro wọn di ọkọ̀ oníná àkọ́kọ́ tí iléeṣẹ́ tó ń mójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Yúróòpù fọwọ́ sí pátápátá. Èèyàn méjì ló ń gbé, ó ń fò fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 50. Níbí, bátìrì kì í ṣe ohun tó ń ṣíná mọ́, òun gan-an ni epo, bíi kìló 140, tí kò sì ní fi gíráàmù kan fúyẹ́ láti ìgbà tí ọkọ̀ gbéra títí tó fi bà. Wọ́n pín in sí méjì. Wọ́n gbé ọ̀kan sí imú, wọ́n gbé èkejì sẹ́yìn àwọn tó jókòó. Tí ọ̀kan bá ṣàìsàn, kóòdù á já a kúrò, èkejì á sì gbé ọkọ̀ náà lọ wá ibi tó máa bà sí.